ÀMÌ Ẹ̀YẸ TÁNŃGANRAN FÚN ERÉ ÌDÁRAYÁ NÍ JÁMÁNÌ, 1919–1939: ÌKÓJỌ WỌN GẸ́GẸ́ BÍ Ẹ̀RÍ ÌTÀN

Ìfáárà

Láàárín Ogun Àgbáyé Kìíní àti Ekejì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àmì ẹ̀yẹ ni wọ́n fi tánńganran ṣe ní ilẹ̀ Jámánì. Kì í ṣe wúrà, kì í ṣe fàdákà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe idẹ. Amọ̀ ni, amọ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi òǹtẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n sì sun nínú ìléru. Òmíràn nínú wọn wà fún ìrántí àwọn tí ogun pa, òmíràn wà fún ìpàtẹ ọjà, òmíràn sì wà fún àjọ̀dún ìlú. Apá kan tí kò kéré nínú wọn ni èyí tí àwọn ẹgbẹ́ eré ìdárayá ní kí ilé iṣẹ́ bá àwọn ṣe, láti fi yẹ́ àwọn tí ó borí sí, tàbí láti fi ṣe ìrántí àpéjọ. Apá yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí.

Oríṣi ènìyàn méjì ni ọ̀rọ̀ àwọn àmì yìí kàn. Èkínní ni àwọn olùkójọ, ìyẹn àwọn tí ń ra ohun àtijọ́, tí ń tò ó, tí ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n sì ń bá ara wọn ṣe pàṣípààrọ̀. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe àmì, àwọ̀ rẹ̀, bí ó ṣe tóbi tó, àti bí irú rẹ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n tó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Èkejì ni àwọn onímọ̀ ìtàn eré ìdárayá. Ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, ìwé ìròyìn àti òfin ìjọba ni àwọn wọ̀nyí máa ń yẹ̀ wò. Wọn kì í sábà ka ohun tí ó wà nínú àpótí olùkójọ sí ẹ̀rí. Èrò tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì dì mú, ẹnì kan níwájú, ẹnì kejì lẹ́yìn. Àìníyelórí amọ̀ ni ó jẹ́ kí àwọn àmì yìí bọ́ lọ́wọ́ ogun tí ó yọ́ àwọn ti irin. Àwọn olùkójọ ni wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n dàwátì lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó wọn jọ lè pa orúkọ àwọn tí a tìtorí wọn ṣe àwọn àmì náà rẹ́.

Ibi tí tánńganran Jámánì ti ṣẹ̀

Àwọn ará Ṣáínà ni ó kọ́kọ́ mọ ọgbọ́n tánńganran líle, èyí tí ó funfun, tí ìmọ́lẹ̀ sì lè là kọjá bí ó bá fẹ́lẹ́. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ọba ilẹ̀ Yúróòpù ń fi owó ńlá rà á láìmọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, August Alágbára, tí ó jẹ́ olórí Sachsen tí ó sì tún jọba ní Poland, fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Johann Friedrich Böttger sí àhámọ́ nítorí pé ó ní òun lè sọ irin lásán di wúrà. Wúrà kò jáde. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìtọ́sọ́nà Ehrenfried Walther von Tschirnhaus, tí ó jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀, Böttger rí oríṣi amọ̀ sísun kan tí ó le bí òkúta, tí àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀ pupa. Lẹ́yìn èyí, ní 1708, wọ́n rí ti funfun. Ní 1710 ni ọba dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Meissen, nínú ilé olódi tí ń jẹ́ Albrechtsburg, kí àṣírí náà má baà jáde. Idà méjì tí ó dábùú ara wọn ni ó di àmì ilé iṣẹ́ náà láti nǹkan bí 1722, títí di òní.

Nígbà tí ọba Sachsen sọ̀kalẹ̀ lórí oyè ní oṣù kọkànlá ọdún 1918, ilé iṣẹ́ Meissen bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Max Adolf Pfeiffer, tí ó jẹ́ olórí rẹ̀ ní àkókò yìí, pe àwọn oníṣẹ́ ọnà tuntun bí Max Esser, Paul Scheurich àti Ernst Barlach mọ́ra. Ó tún jí iṣẹ́ amọ̀ pupa ti ayé Böttger dìde, lẹ́yìn tí ó ti di ohun ìgbàgbé. Amọ̀ pupa yìí, tí wọ́n ń pè ní Böttgersteinzeug, ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú àwọn àmì ẹ̀yẹ tí iṣẹ́ yìí ń sọ nípa wọn.

Ohun tí ó mú kí wọ́n máa fi amọ̀ ṣe ohun tí irin ń ṣe tẹ́lẹ̀ kò ṣòroó rí. Ogun ti gba bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ ohun ìjà. Ẹni tí ó sì ní owó fàdákà lọ́wọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Owó wẹ́wẹ́ wá wọ́n níta. Ọ̀pọ̀ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ owó ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Notgeld, ìyẹn owó ìgbà ìpọ́njú. Ìjọba Sachsen yíjú sí Meissen, ilé iṣẹ́ náà sì fi amọ̀ pupa ṣe owó tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 20 pfennig títí dé 20 mark, tí wọ́n kọ ọdún 1921 sí lára. Ẹni tí ó bá rántí pé owó ẹyọ, tí ó jẹ́ ìkarahun lásán láti inú òkun, ni àwọn baba wa fi ná ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò ní ṣe háà sí owó tí kì í ṣe irin. Ohun tí ó fún ènìyàn ní owó kì í ṣe irin tí ó wà nínú rẹ̀, bí kò ṣe àdéhùn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tánńganran yìí kò rìn jìnnà nínú ọjà. Àwọn olùkójọ ni ó tètè rà á tọ́jú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìkójọ ti jẹ́ ara ìtàn àwọn ohun yìí. Kì í ṣe àṣà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn tí wọ́n ti gbó.

Ilé iṣẹ́ náà kò jẹ́ kí ọgbọ́n tí ó fi ṣe owó náà tutù. Ẹni tí ó bá lè tẹ àwòrán àti lẹ́tà sára owó amọ̀ lè tẹ̀ ẹ́ sára àmì ẹ̀yẹ pẹ̀lú. Paul Börner, tí wọ́n bí ní 1888, tí ó sì kú ní 1970, ni orúkọ rẹ̀ lókìkí jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ní Meissen. Òun kan náà ni ó ṣe àwọn agogo tánńganran tí wọ́n gbé kọ́ sí ilé gogoro ìjọ Frauenkirche ní ìlú náà ní 1929, nígbà tí ìlú ń ṣe àjọ̀dún ẹgbẹ̀rún ọdún.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àmì náà

Ẹ̀ka yìí yóò ṣe àlàyé iṣẹ́ náà ní ṣókí, nítorí pé ìmọ̀ nípa rẹ̀ wúlò fún ẹni tí yóò ka àmì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Amọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní kaolin ni ìpìlẹ̀ tánńganran líle. Wọ́n a máa po òkúta feldspar àti quartz lílọ̀ mọ́ ọn. Ní ti àmì pupa, amọ̀ tí irin wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Irin yìí ni iná ń sọ di àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Oníṣẹ́ ọnà ni yóò kọ́kọ́ ya àwòrán, wọn yóò sì fín in sára òǹtẹ̀ lódìlódì. Wọn yóò wá tẹ amọ̀ mọ́ òǹtẹ̀ náà, kí àwòrán lè yọ sókè lára rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, ó di inú ìléru.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Tánńganran líle a máa gba iná tí ó tó nǹkan bí ìwọ̀n 1,400 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó tó jinná. Nínú iná yìí ni ó ti ń sún kì, tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìdá kan nínú ìdá mẹ́fà fífẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni oníṣẹ́ ọnà ṣe gbọ́dọ̀ fín òǹtẹ̀ rẹ̀ tóbi ju bí àmì yóò ti rí lọ. Èyí ni ó sì fà á tí àmì méjì tí ó ti ara òǹtẹ̀ kan náà jáde fi lè yàtọ̀ díẹ̀ ní fífẹ̀, bí amọ̀ wọn tàbí iná wọn kò bá dọ́gba. Ẹni tí kò mọ èyí lè rò pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ayédèrú.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì náà ni wọn kò fi ọ̀dà dídán bò. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí àwọn lẹ́tà kéékèèké má baà dí. Wọ́n fi wúrà kun etí tàbí lẹ́tà àwọn mìíràn. Wọ́n sì lu ihò sí òmíràn kí wọ́n lè fi okùn tàbí ọ̀já kọ́ ọ sí àyà. Ihò yìí kì í ṣe ohun kékeré fún òpìtàn. Àmì tí ó ní ihò jẹ́ ohun tí a rò pé ènìyàn yóò wọ̀ jáde níwájú àwùjọ. Èyí tí kò ní ihò jẹ́ ohun inú àpótí tàbí orí tábìlì. Ibi tí okùn bá ti ha etí ihò lára fi hàn pé ẹnì kan wọ̀ ọ́ ní tòótọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ tí ó ni àmì

Láti mọ ohun tí lẹ́tà ara àmì ń sọ, ó yẹ kí a mọ bí àwọn ẹgbẹ́ eré ìdárayá Jámánì ti pín sí ní àkókò náà. Èyí tí ó dàgbà jù nínú eré wọn ni Turnen, ìyẹn eré tí ó jẹ mọ́ òkìtì títa, rírọ̀ mọ́ ọ̀pá, fífò lórí ẹṣin onígi àti títò ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ṣe eré papọ̀. Friedrich Ludwig Jahn ni ó ṣí pápá àkọ́kọ́ fún un ní Hasenheide, lẹ́bàá Berlin, ní 1811. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ tí ó dìde lẹ́yìn rẹ̀ ni Deutsche Turnerschaft. Ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ni ó jẹ wọ́n lógún, àwọn tí ó rí jájẹ láwùjọ ni ó sì pọ̀ nínú àwọn aṣáájú wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ kò rí ara wọn nínú ẹgbẹ́ yìí. Láti 1878 sí 1890 ni òfin ti de ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí òfin náà kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn eléré tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ìlú Gera ní 1893. Ní 1919 ó gba orúkọ tuntun, Arbeiter-Turn- und Sportbund, ó sì fi Leipzig ní Sachsen ṣe ibùjókòó. Àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì dá Deutsche Jugendkraft sílẹ̀ ní 1920. Àwọn Júù ní Makkabi àti Schild. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni pé nínú ìlú kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lè tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọn kì í sì í bá ara wọn díje. Ẹgbẹ́ tí ènìyàn ń bá ṣeré ń sọ irú ilé tí ó ti wá, ìjọ tí ó ń lọ àti ẹni tí ó ń dìbò fún.

Àkókò yìí kan náà ni wọ́n ti ilẹ̀kùn eré Olympic mọ́ Jámánì. Wọn kò pè é sí ti Antwerp ní 1920, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò pè é sí ti Paris ní 1924. Amsterdam ní 1928 ni ó tó padà sí i. Dípò èyí, àwọn ará Jámánì dá àjọ̀dún tiwọn sílẹ̀. Wọ́n ṣe Deutsche Kampfspiele ní Berlin ní 1922, ní Köln ní 1926, àti ní Breslau ní 1930. Ẹgbẹ́ Turnerschaft ṣe àpéjọ ńlá ní München ní 1923 àti ní Köln ní 1928. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣe tiwọn ní Leipzig ní 1922 àti ní Nürnberg ní 1929. Ní 1925 ni wọ́n gba àwọn òṣìṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn lálejò ní Frankfurt, nínú pápá ìṣeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, fún eré Olympic àwọn òṣìṣẹ́. Níbẹ̀, wọn kò fi àsíá orílẹ̀-èdè kankan ṣáájú. Àsíá pupa ni gbogbo wọn tò tẹ̀lé.

Gbogbo àjọ̀dún wọ̀nyí ni ó nílò àmì ẹ̀yẹ, ìgbà náà sì ni àpò ẹgbẹ́ gbẹ jù lọ. Owó Jámánì ń yọ́ bí òrí sínú oòrùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1923, dọ́là Amẹ́ríkà kan di 4,200,000,000,000 mark. Owó tí akápò ẹgbẹ́ bá gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní òwúrọ̀ lè má ra nǹkan kan ní ìrọ̀lẹ́. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, àmì amọ̀ tí kò gba irin ṣe gẹ́lẹ́ bí ẹgbẹ́ ti fẹ́. Ó rẹwà, orúkọ Meissen gbé e ga, kò sì ní ohun tí ẹnì kan lè yọ́ tà nínú rẹ̀.

Lẹ́tà ara àmì ni ó máa ń yanjú ìbéèrè nípa ẹgbẹ́ tí ó ni ín. Ẹgbẹ́ Turnerschaft a máa to lẹ́tà F mẹ́rin pọ̀ bí àgbélébùú. Wọ́n dúró fún ọ̀rọ̀ mẹ́rin: frisch, fromm, fröhlich, frei, ìyẹn ara yíyá, ìfọkànsin Ọlọ́run, inú dídùn àti òmìnira. Àwọn òṣìṣẹ́ gba méjì nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì pààrọ̀ méjì. Tiwọn ni frisch, frei, stark, treu: ara yíyá, òmìnira, agbára àti ìdúróṣinṣin. Wọ́n yọ ìfọkànsin kúrò, wọ́n fi agbára sí i. Wọ́n yọ inú dídùn kúrò, wọ́n fi ìdúróṣinṣin dípò rẹ̀. Ìjà tí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì fi ọ̀pọ̀ ọdún jà wà nínú lẹ́tà méjì yìí. Bí wọ́n tilẹ̀ ya ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà sí iwájú àmì méjì, tí wọ́n sì fi ewé igi oaku kan náà yí i ká, lẹ́tà wọ̀nyí kò ní jẹ́ kí òpìtàn fi òkò kan pa ẹyẹ tí kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọdún 1933

Adolf Hitler gba ìjọba ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1933. Kí ọdún náà tó dé ìdajì, ẹgbẹ́ eré ìdárayá àwọn òṣìṣẹ́ kò sí mọ́. Ìjọba fòfin dè é, ó sì gba pápá, ilé àti ohun èlò rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ni wọ́n fi Hans von Tschammer und Osten ṣe olórí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ní gbogbo Jámánì. Ẹgbẹ́ Turnerschaft, lábẹ́ Edmund Neuendorff, lé àwọn Júù jáde láàárín ara rẹ̀, ó sì pàtẹ àjọ̀dún ńlá sí Stuttgart ní oṣù keje, níbi tí Hitler fúnra rẹ̀ ti wá. Ìtẹríba yìí kò gbà á là. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tú òun náà ká. Àwọn ẹgbẹ́ Júù, tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni àwọn eléré tí wọ́n lé jáde lè forí lé, bá a yí títí di oṣù kọkànlá ọdún 1938, nígbà tí wọ́n dáná sun sínágọ́gù káàkiri ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, a kò gbúròó wọn mọ́.

Ilé iṣẹ́ tánńganran kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Iṣẹ́ Pfeiffer ní Meissen dópin ní 1933, ṣùgbọ́n àwọn ìléru ṣì ń jó. Àmì àgbélébùú oníkọ̀ọ́ àwọn Nazi wọ ara àmì ẹ̀yẹ. Meissen sì bá àwọn Nazi ṣe àmì kéékèèké tí àwọn ènìyàn ń rà ní ìgboro fún Winterhilfswerk, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìgbà òtútù. Ohun tí ó yẹ kí òpìtàn kíyè sí níhìn-ín ni pé ara amọ̀ kò yí padà. Kaolin kan náà ni, iná kan náà ni, idà méjì kan náà ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wo iṣẹ́ ọwọ́ nìkan yóò rí ìlọsíwájú tí kò ní àlà láti 1920 dé 1939. Ẹni tí ó bá ka lẹ́tà ni yóò rí ibi tí okùn ti já.

Ìkójọ àti ohun tí ó ṣe fún ìtàn

Nígbà tí ogun kejì dé, irin tún di ohun tí ìjọba ń wá kiri. Ní 1940 ni ìjọba Nazi ní kí àwọn ará ìlú kó bàbà, idẹ àti àwọn irin mìíràn inú ilé wọn wá fún iṣẹ́ ogun. Wọ́n sọ agogo ṣọ́ọ̀ṣì kalẹ̀, wọ́n sì yọ́ ère ojú títì. Ife ẹ̀yẹ àti àmì ẹ̀yẹ onírin kò kọjá irú ewu bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yọ́ amọ̀ tí ó ti jinná? Tánńganran kò ní ẹ̀yìn nínú iná àgbẹ̀dẹ. Ohun tí ó jẹ́ àbùkù rẹ̀ ní 1922, pé kò ní iye nínú ara rẹ̀, ni ó di ààbò rẹ̀ ní 1940. Òótọ́ ni pé ó lè fọ́, ọ̀pọ̀ sì ti fọ́ lábẹ́ bọ́ǹbù. Ṣùgbọ́n èyí tí kò fọ́ kò dìbàjẹ́. Kò lè dípẹtà, omi kò lè pa lẹ́tà rẹ̀ rẹ́.

Ìdí kejì tí ó fi kù ni àwọn olùkójọ. Lẹ́yìn ogun, Jámánì pín sí méjì. Meissen bọ́ sí ìlà-oòrùn, ó sì di ohun ìní ìjọba. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ra àmì rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀-oòrùn. Karl Scheuch ni ó ṣe ìwé àkójọ tí ó to owó àti àmì tánńganran lẹ́sẹẹsẹ, tí ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà. Títí di òní, nọ́mbà Scheuch ni àwọn olùkójọ àti àwọn tí ń ta ọjà gbàǹjo fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni èyí. Láìsí i, kò sí ẹni tí yóò mọ iye oríṣi tí ó wà, tàbí èyí tí ó jẹ́ ojúlówó.

Ṣùgbọ́n ìlànà títò ní ohun tí ó ń gbé jáde, ó sì ní ohun tí ó ń bò mọ́lẹ̀. Àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ ni orí ìwé náà, ẹgbẹ́ tí ó ni àmì sì di àkíyèsí kékeré lábẹ́ rẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ kékeré kan ní ìlú tí kò lókìkí lè jókòó sáàárín àmì ìpàtẹ ọjà àti àmì ìrántí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ìléru kan náà ni ó bí wọn. Èkejì, owó a máa tẹ̀lé àwọ̀ àti wúrà. Àmì funfun tí wọ́n fi wúrà kùn, tí kò ní àpá lára, ni ó ń wọ́n. Èyí tí okùn ti ha, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú nítorí pé ẹnì kan wọ̀ ọ́ títí, a máa pọ̀n sẹ́yìn. Fún òpìtàn, èyí tí olùkójọ ń sá fún yìí gan-an ni ẹ̀rí pọ̀ sí lára.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Nígbà tí eléré kan bá kú, tí wọ́n sì ta ẹrù rẹ̀, àmì a máa bá ọ̀nà kan lọ, ìwé ẹ̀rí a bá ọ̀nà mìíràn lọ, fọ́tò a sì di ohun ìdáná. Ọ̀já tí wọ́n fi so àmì náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ dànù, kí tánńganran lè mọ́ tónítóní. Bí àmì náà bá ti ẹgbẹ́ Turnerschaft wá, àdánù náà mọ níwọ̀n, nítorí pé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ náà pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ti ẹgbẹ́ Júù, tí ìjọba ti gba ilé àti ìwé rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀já, fọ́tò àti àmì yẹn jẹ́ gbogbo ohun tí ó kù nínú ẹgbẹ́ náà láyé. Yíyà wọ́n nípá dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ya ojú ewé kan nínú ìwé tí kò ní ẹ̀dà kejì.

Àwọn kan lè jiyàn pé àmì ẹ̀yẹ kò ní ìtàn púpọ̀ láti sọ. Wọ́n lè ní ohun tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ fẹ́ kí ayé rí ni wọ́n fín sí i. Kò sọ iye ènìyàn tí ó wá, kò sọ ẹni tí ó fìdí rẹmi, kò sì sọ ẹni tí wọn kò pè. Òótọ́ ni. Ẹ̀rí tí ń yin ara rẹ̀ ni àmì ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àti ọ̀rọ̀ alága pẹ̀lú ń yin ara wọn, a kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ dà wọ́n nù. Ohun tí àmì ní tí ìwé kò ní ni pé ó fi ọdún, ìlú, oríṣi eré àti orúkọ ẹgbẹ́ sójú kan láti ọwọ́ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí 1933 yóò mú wá. Kò sí ẹni tí ó padà lọ tún un kọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn àmì ìgbà Nazi tún jẹ́ ìṣòro mìíràn. Òfin Jámánì òde òní kò gba ènìyàn láyè láti máa pàtẹ àgbélébùú oníkọ̀ọ́ ní gbangba, àyàfi fún ẹ̀kọ́, ìwádìí àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Olùkójọ kan lè to àmì 1922 àti ti 1936 sí orí pátákó kan náà nítorí pé ọwọ́ kan náà ni ó ṣe wọ́n. Bí kò bá sí àlàyé lábẹ́ wọn, ẹni tí a lé jáde àti ẹni tí ó lé e yóò máa tàn papọ̀ lórí aṣọ àrán kan náà, bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìpọ́njú ni ó bí àmì ẹ̀yẹ tánńganran ti eré ìdárayá ní Jámánì. Àìsí irin ni ó fà á tí wọ́n fi yíjú sí amọ̀. Ọgbọ́n tí ó ti wà ní Meissen láti ayé Böttger ni ó jẹ́ kí amọ̀ náà lè gba lẹ́tà. Pínpín tí àwọn ẹgbẹ́ pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì jẹ́ kí lẹ́tà náà ní ìtumọ̀. Àìníyelórí rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ àgbẹ̀dẹ ogun. Ìfẹ́ àwọn olùkójọ gbà á lọ́wọ́ ìgbàgbé.

Láti inú èyí ni àbá mẹ́ta ti jáde. Èkínní ni pé kí ìwé àkójọ máa ní atọ́ka ẹgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ atọ́ka ilé iṣẹ́, kí ẹni tí ń wá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlú kan lè rí gbogbo àmì rẹ̀ lójú kan, ìbáà jẹ́ Meissen ni ó ṣe é tàbí ilé iṣẹ́ mìíràn. Èkejì ni pé kí àwọn olùkójọ máa kọ ibi tí wọ́n ti rí àmì sílẹ̀, kí wọ́n má sì ṣe ya ọ̀já àti ìwé nípá kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kí àwọn onímọ̀ ìtàn jáde lọ bá àwọn olùkójọ nínú ilé wọn, nítorí pé ohun tí ìjọba 1933 kó kúrò nínú àpótí ẹgbẹ́ kò sí nínú ilé àkójọ ìwé ìjọba mọ́. Nígbà tí òpìtàn bá dé ibẹ̀, kí ó ní kí wọ́n fún òun ní àmì náà, kí ó yí i padà kúrò níbi idà méjì, kí ó sì ka orúkọ tí ó wà ní ojú kejì.